Àga Sìgbọnlẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ já Bàbá Wẹ́dà láyà ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ìbọn, kì í sì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Rúlà ọmọ iléèwé ni. Ó wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò méjì àti ṣéènì irin tó wà ní apá méjì, inú agolo máàtísẹ́ẹ̀tì kan tó ti dógùn-ún ni wọ́n sì ti yọ ọ́.

Obìnrin tó ni agolo náà ń fẹ́ tíì rẹ̀ kó lè tutù. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Ìyá Onírúlà ni àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, wọ́n á ní kóńdó ni àwọn ẹlòmíràn fi ń mú ọ̀daràn, òun ń fi ìṣirò mú un. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àwọn tó ti jókòó síwájú tábìlì rẹ̀ rí kì í bá wọn rín in.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Aṣọ ìbora ni, màdáámù. Mo gbé e wá fún ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ní òtútù máa ń tètè mú un."

"Ẹ kú ìtọ́jú. Wọ́n ń mú un bọ̀." Ó fi ìka ti ṣéènì náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kó tó dé, ẹ̀yin lẹ mọ irin jù nínú gbogbo wa níbí. Ẹ bá mi wo èyí. Apá kan ló ṣẹ́ kù sára ẹ̀rọ, apá kejì bá àga tó já lọ. Ojú ṣéènì wo ló ya nínú wọn?"

Bàbá Wẹ́dà fa ṣéènì náà mọ́ra. Ó ń wo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

"N ò rí i."

"Èmi náà ò rí i. Ó gbó díẹ̀, àmọ́ gbogbo ojú rẹ̀ ló pé. Ó wá dà bíi pé nǹkan mìíràn ló so apá méjèèjì pọ̀, nǹkan ọ̀hún ló sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tú gbogbo koríko ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì lánàá, wọn ò rí ohun tó tó abẹ́rẹ́."

Bàbá Wẹ́dà mọ̀. Ó dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá a. Ó rí i pé ibi tí kò sí ni wọ́n ti ń wá a, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti lè gbàdúrà mọ́.

Nǹkan náà wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà ní pápá ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń pè ní Àga Òyì. Òpó gíga kan ni, ó gbé agboòrùn irin ńlá kan lérí, wọ́n wá fi ṣéènì so àwọn àga rọ̀ sí etí agboòrùn náà yíká. Bí ẹ̀rọ bá ń yí, àwọn àga á kúrò nílẹ̀, wọ́n á máa nà síta díẹ̀díẹ̀ bí etí yẹ̀rì ọmọbìnrin tó ń pòyì. Bàbá Wẹ́dà ló ń tún irin ibẹ̀ ṣe. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo ayé ń pè ní Tíńtín nítorí pé kò ga rárá, ló ń di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀kan nínú àwọn àga náà já tòun ti aránṣọ tó jókòó sínú rẹ̀. Obìnrin náà lọ fi ara gbá ọgbà, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, ó sì ti dákú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọ̀gá tó ni pápá sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé Tíńtín ló jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sáré jù. Nígbà tí wọ́n bi Tíńtín, kò jiyàn. Ó ní, "Bóyá èmi ni. Wọ́n ń pariwo pé kí n fi kún un. Bóyá ọwọ́ mi lọ." Bí wọ́n ṣe mú un nìyẹn, ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè yìí ni wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù.

Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ojú ṣéènì àga kan ti jẹ tán. Bàbá Wẹ́dà gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, ó tẹ ọ̀pá irin kan ní ìkọ́, ó fi ìkọ́ náà so apá méjèèjì pọ̀, ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá rí ṣéènì tuntun. Ìyẹn sọ ṣéènì náà di kúkúrú, àga náà sì wá ga nílẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé kò lè gùn ún mọ́. Ó di ti àwọn géńdé àti àwọn abiyamọ tó tóbi lára, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àga Sìgbọnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Bí ẹni tó sanra bá ti wọlé, Tíńtín á rẹ́rìn-ín, á fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkọ́ tí Bàbá Wẹ́dà fi ọgbọ́n ta fún ìgbà díẹ̀ ṣe wá ń gbé àwọn tó wúwo jù lọ nínú gbogbo oníbàárà wọn. Ó ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé lọ́la lòun máa tú u. Ọ̀la kì í tán lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wá a.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọlọ́pàá kan mú Tíńtín wọlé, ọ̀gá tó ni pápá tẹ̀ lé wọn, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Ọ̀gá Ìgbádùn ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó kọ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà pápá rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, kò sí ìgbádùn kankan lójú rẹ̀.

Tíńtín kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n gbé aṣọ yìí fún ọ."

Ó gba aṣọ ìbora náà, ó gbé e mọ́ àyà. "Ẹ má bínú sí mi, bàbá mi. Mo mọ̀ pé mo ti kó ìtìjú bá yín."

Iná ti jó Bàbá Wẹ́dà lọ́wọ́ ní ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sí èyí tó ta á tó ọ̀rọ̀ yẹn.

"Tíńtín," Ìyá Onírúlà wí, "ìlà eré mélòó ló wà lára ọwọ́ ẹ̀rọ yín?"

"Márùn-ún, mà. A kì í kọjá ìkẹrin."

"Ṣé o kọjá ẹ̀?"

"Bóyá mo kọjá ẹ̀, mà."

"Mi ò bi ọ́ ní bóyá."

"Mi ò rántí, mà. Àmọ́ tí mi ò bá kọjá ẹ̀, kí ló wá dé tó fi já?"

Ọ̀gá Ìgbádùn na ọwọ́ sí i. "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, màdáámù. Ẹjọ́ ti parí."

"Ẹjọ́ tó bá tètè parí báyìí máa ń bà mí lẹ́rù," obìnrin náà wí. Ó tẹ́ fọ́tò méjèèjì síwájú wọn. "Onífọ́tò tó máa ń ya àwọn oníbàárà yín ló ya ìwọ̀nyí. Nínú èkíní, aránṣọ ṣì wà lórí àga. Nínú èkejì, àga ti já, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni. Ẹ máa wo ṣéènì àwọn yòókù."

Ó mú ike pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń wọn igun, ó gbé e lé fọ́tò kìíní, ó gbé e lé èkejì.

"Igun kan náà ni. Lánàá, mo ní kí wọ́n yí ẹ̀rọ náà fún mi. Nígbà tó wà ní ìlà kẹrin, igun yìí gẹ́lẹ́ ni gbogbo ṣéènì dá. Nígbà tó wà ní ìlà karùn-ún, wọ́n dùbúlẹ̀ jùyẹn lọ dáadáa. Àga tó ń yípo, tààrà ló ń fẹ́ lọ. Ṣéènì ló ń fà á wọnú tó fi ń yí. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni ṣéènì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ tó, kó lè rí àyè fà á. Ẹni tó bá ti rí ìdùbúlẹ̀ ṣéènì ti rí eré ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin yìí ò kọjá ìlà kẹrin."

Tíńtín gbójú sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé, ó wo nǹkan bí ẹni tó fẹ́ rí i.

Inú Bàbá Wẹ́dà sì dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Bó bá lọ báyìí, ọmọ òun á bọ́, ìkọ́ á sì wà níbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í pé inú òun lè dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Ẹ dúró ná," Ọ̀gá Ìgbádùn wí. "Lánàá tí ẹ yí ẹ̀rọ, ta ló wà lórí àwọn àga?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ẹ ò rí i! Àga òfìfo lẹ fi wò ó. Ní Sátidé, èèyàn ló kún orí wọn, tàgbàtèwe. Òfìfo fúyẹ́, ó máa nà síta ju èyí tí èèyàn wà nínú rẹ̀ lọ. Ìwúwo ń bẹ níbẹ̀, màdáámù. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n."

"Ọmọdé mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn."

Ó dìde, ó wo òkè. Fáànù àgọ́ náà ti darúgbó. Ìgbà tó bá ń sáré jù lọ, èèyàn ṣì lè máa ka apá rẹ̀. Ó ní kí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà pa á. Ó gun àga, ó so àgádágodo kan mọ́ òwú, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ òwú mìíràn. Ó fi rúlà wọn òwú méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba, ó sì so wọ́n mọ́ apá fáànù méjì, ní ibi kan náà.

"Èwo ló wúwo?"

"Àgádágodo," Ọ̀gá Ìgbádùn dáhùn, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èwo ló máa nà síta jù?"

"Kọ́kọ́rọ́ fúyẹ́. Òun ló máa fò. Àgádágodo á máa fà sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá Wẹ́dà kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti yí sí i. "Bí ọ̀gá ṣe wí ni," ló sọ.

Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn tọkàntọkàn. Gbogbo ìgbà tí Àga Òyì bá ń yí, ó máa ń rí i pé Àga Sìgbọnlẹ̀ kì í nà síta tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣéènì rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ ju tiwọn lọ. Bí ojú rẹ̀ bá ti kàn án, ọkàn rẹ̀ á fò, á sì yára pa ọkàn náà lẹ́nu mọ́: ìwúwo ni, àwọn tó tóbi ló ń jókòó níbẹ̀, irin kò ní ẹ̀bi kankan. Ó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn ní alẹ́ púpọ̀.

Wọ́n tan fáànù. Ó ń gbọ̀n, ó ń ráhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ jùmọ̀ kúrò ní ìdúró, wọ́n jùmọ̀ ń nà síta, òwú méjèèjì sì dùbúlẹ̀ bákan náà. Wọ́n wò ó títí. Kò sí èyí tó ju èkejì lọ nínú wọn.

"Ẹ dákun, ẹ pa á, ẹ tún un tàn," Ọ̀gá Ìgbádùn wí.

Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Ibi tó dé tẹ́lẹ̀ náà ló dé.

Ìyá Onírúlà ti jókòó padà. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ ohun tí ilẹ̀ ń fà sí apá kan, ó kọ ohun tí yíyípo ń bèèrè sí apá kejì. "Ẹni tó wúwo, ilẹ̀ ń fà á gidigidi, òótọ́ ni. Àmọ́ òun náà ló ṣòroó yí padà gidigidi. Ìwúwo wà ní apá yìí, ó tún wà ní apá kejì, ó dọ́gba. Mo fa ìlà gba orí méjèèjì kọjá. Ó tán. Ohun tó kù ni eré, gígùn okùn, àti ibi tí wọ́n so ó mọ́. Àga òfìfo àti àga tó kún, igun kan náà ni wọ́n ń dá."

Ó yẹ kí Ọ̀gá Ìgbádùn dákẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń rì kì í yan ohun tó máa dì mú. Ó fa fọ́tò kìíní sọ́dọ̀, ó fi ìka tẹ aránṣọ lórí rẹ̀.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ti èyí? Ẹ gbé ike yín lé tirẹ̀. Ṣéènì tirẹ̀ dúró ju ti àwọn yòókù lọ, kò nà síta tó wọn. Ṣebí nítorí pé ó sanra ni!"

Ìyá Onírúlà mu tíì rẹ̀, ó gbé ife kalẹ̀. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè yẹn."

Ó ní kí wọ́n pa fáànù. Ó tún gun àga, kò fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ó kàn ká òwú àgádágodo sókè títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ìdajì, ó sì ta á ní kókó. Wọ́n tan fáànù. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ nà lọ síbi tó dé tẹ́lẹ̀. Àgádágodo kò bá a dé ibẹ̀. Òwú rẹ̀ dúró, ó ń yí ìyípo kékeré tirẹ̀ nínú ìyípo ẹnì kejì rẹ̀.

Bàbá Wẹ́dà ń wo àgádágodo náà bó ṣe ń kọjá lórí rẹ̀, tó ń kọjá, tó tún ń kọjá. Àwáwí tó ti fi ń sùn láti oṣù mélòó kan wà lókè níbẹ̀, ó ń yípo níṣojú gbogbo èèyàn, kò sì sí ẹni tó lè gbà á gbọ́ mọ́.

"Ẹnì kan ti dín ṣéènì àga yẹn kù," Ìyá Onírúlà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó dín in kù, ó sì fi nǹkan kan so ó. Nǹkan náà ló ṣí. Ta ló ń tọ́jú ṣéènì níbi iṣẹ́ yín, Tíńtín?"

Tíńtín ti ń mi orí kó tó dáhùn. "Bàbá mi ni, mà. Àmọ́ bàbá mi kì í ṣe iṣẹ́ gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé irin tó bá gbé èèyàn, a kì í fi í ṣàwàdà. Ẹ má wo ọ̀dọ̀ wọn rárá. Èmi ni mo fa aránṣọ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, mo ní kó fọkàn balẹ̀, bàbá mi ló so ó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi, mà."

"Bàbá," obìnrin náà wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ dín ṣéènì yẹn kù?"

"Rárá."

Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ pa á. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń dún nínú yàrá. Tíńtín mí kanlẹ̀, ó fara ti ògiri, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó gbà á gbọ́.

Ìyá Onírúlà kò bá a jà. Ó fa róbótó kan sórí bébà, ó fi àmì kékeré kan sí etí rẹ̀. "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti lọ ń wá nǹkan yẹn, torí pé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ni àga wà nígbà tó já. Wọ́n ní aránṣọ ló fi ara wúwo gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́, pé irin kékeré ní tiẹ̀ á ta kúrò láàárín, á lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Irin ò mọ̀ bóyá òun kéré. Ohun tó bá já kúrò lára ohun tó ń yípo, ọ̀nà tí ojú rẹ̀ kọ sí lásìkò tó já ló ń gbà lọ. Ẹ wo bí ẹrẹ̀ ṣe ń ta lára táyà kẹ̀kẹ́."

Ó gbé rúlà lé àmì náà, ó fa ìlà kan tó kàn róbótó náà létí, tó sì lọ tààrà.

"Ọgbà rèé. Ibí ni aránṣọ ṣubú sí, orí ìlà yìí gan-an. Ọgbà ló dá òun àti àga dúró. Irin kékeré á fò ó kọjá. Mo bá ìlà mi lọ sí òdì kejì ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo rí ibi tí nǹkan ti ha ilẹ̀. Mo rí koríko tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀. Mi ò rí irin. Ẹnì kan ti ṣíwájú mi débẹ̀."

Ó kó ike rẹ̀ padà sínú agolo. Ó fi rúlà sílẹ̀.

"Aránṣọ lajú láàárọ̀ yìí. Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó wá síbí. Kò rántí bí àga ṣe já. Nǹkan kan ṣoṣo ló rántí. Ó ní òun wà nílẹ̀ níbi ọgbà, òun ò lè gbé ẹsẹ̀, òun wá rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń sáré bọ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó ní òun dúpẹ́. Ó ní bàbá náà dé ọ̀dọ̀ òun, ó wo òun lójú, ó sì ré òun kọjá, ó fo ọgbà."

Tíńtín rọra yí ojú sí bàbá rẹ̀. Kò tíì bínú. Ó ń wá nǹkan kan lójú rẹ̀ tó máa fi sọ pé kì í ṣe bàbá òun, pé bàbá àgbàlagbà pọ̀ nílé ayé.

Bàbá Wẹ́dà lè tún sọ pé rárá. Kò sí ẹni tó rí i yàtọ̀ sí aránṣọ, aránṣọ kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí ojú aránṣọ náà láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bó ṣe tú ká nígbà tó rí i tó ń bọ̀, bó ṣe na ọwọ́. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó na ọwọ́ sí òun.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ó gbé ìkọ́ náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Ìkọ́ náà ti nà, ó kù díẹ̀ kó tọ́ bíi rúlà fúnra rẹ̀.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Èmi ni mo gé ṣéènì. Mo ní màá pààrọ̀ rẹ̀, mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó já, mo rí i tó fò lókè orí ọgbà, mo ń sáré tẹ̀ lé e. Aránṣọ na ọwọ́ sí mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀."

Ọ̀gá Ìgbádùn fò dìde. "Mo ti ń sọ ọ́! Kì í ṣe ọwọ́ mi, màdáámù, ẹ ti gbọ́..."

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀yin náà ń rí àga tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lójoojúmọ́, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló fà á. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ fi ń pe oníbàárà. Ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀."

Ọkùnrin náà jókòó. Áńkáṣíìfù rẹ̀ ti rin gbingbin.

Tíńtín kò wo ìkọ́ náà. "Bàbá mi," ló wí, "ní Sátidé, nígbà tí mo sọ fún wọn pé bóyá èmi ni. Ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ."

Omi ń bọ́ lójú Bàbá Wẹ́dà, kò sì nù ún, torí ó rò pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sunkún níwájú ọmọ yìí.

Ìyá Onírúlà kọ nǹkan sílẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó sọ fún ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà pé kí wọ́n yọ orúkọ ọmọbìnrin náà kúrò nínú àwọn tó ń lọ sí kóòtù. "Tíńtín, o lè máa lọ sílé. Má bínú sí wa."

Tíńtín dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó wo aṣọ ìbora tó ṣì wà mọ́ ọn láyà bí ẹni tó ti gbàgbé rẹ̀, ó sì padà wá. Ó gbé aṣọ náà lé bàbá rẹ̀ nítan, ó tẹ́ etí rẹ̀ dáadáa kó má baà wọ́ nílẹ̀.

"Ilẹ̀ inú àtìmọ́lé yìí tutù gan-an," ló wí. "Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́. Ẹ má fi bora."

Lẹ́yìn náà ló yí sí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. "Wọ́ọ̀dù wo ni aránṣọ wà, mà?"

Obìnrin náà sọ ọ́ fún un. Tíńtín dúpẹ́, ó sì jáde. Bàbá Wẹ́dà ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi dé ìta. Apá òsì ni ọ̀nà ilé wọn wà. Apá ọ̀tún ló gbọ́ tí ẹsẹ̀ náà gbà, síbi tí ọsibítù wà, ó ń yára lọ.